Ohun tí ojú wa rí lórí òkè Ẹ̀fọ̀n

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ wá àyè jókòó. Kì í ṣe ìwàásù, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ ti ń bi wá pé kí ló ṣe ọkọ̀ wa tó fi pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń sọ lẹ́yìn wa pé àwọn ará abúlé ló ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwa tó ni ọkọ̀. Kò sí ará abúlé kankan níbẹ̀. Àwa fúnra wa la fọwọ́ ara wa ṣe é.

Ẹ mọ ọkọ̀ náà. Bẹ́ńsì aláwọ̀ eérú tí a máa ń gbé sí abẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. C230 Kompressor ni, ti ọdún 2004, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Kompressor tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn yẹn, òun ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní supercharger. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi rárá, lítà 1.8 péré, sílíńdà mẹ́rin, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 189 ni wọ́n sọ pé ó wà nínú rẹ̀. Ohun tó fún un lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni irin méjì tó lọ́ mọ́ra, tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, tí wọ́n sì ń kì afẹ́fẹ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì ní tipátipá. Ẹni tó bá ti jókòó ní ilé àgbẹ̀dẹ rí á tètè lóye rẹ̀: ẹwìrì ni. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń jẹ́ Roots, ní ìlú Connersville ní Indiana, ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní 1860, ilé tí wọ́n ti ń yọ́ irin ni wọ́n sì ń fi fẹ́ iná fún. Lọ́dún kan náà, ní ilẹ̀ Faransé, Étienne Lenoir ń fi plọ́ọ̀gì oníná mànàmáná ṣáná sí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló pàdé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wa. Mercedes alára ti gbé ọkọ̀ oníkompressor jáde níbi àfihàn mọ́tò ní Berlin láti 1921, ká má rò pé ọ̀rọ̀ àná ni.

Wàyí o. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í mísìn. Bí a bá tẹ iná, á kọ́kọ́ fà, lẹ́yìn náà á máa ṣe gìdì-gìdì bí ẹṣin tó rí ejò. Iná check engine tàn. A pe ọmọ wa kan nínú ìjọ tó jẹ́ ríwáyà. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe nígbà tó bá ń hó. Ó wá pẹ̀lú ẹ̀rọ síkáànù rẹ̀, ó ní kóòdù P0303 ni, pé sílíńdà kẹta kò jó. Ó tú kọ́ìlì tó wà lórí sílíńdà kẹta, ó gbé e sórí ìkejì, ó gbé ti ìkejì sí ìkẹta, ó ní ká wà á yí ká. Nígbà tí a padà dé, kóòdù ti di P0302. Àìsàn náà tẹ̀ lé kọ́ìlì lọ. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn kan á sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì ni ẹ máa tú sílẹ̀.

Ó wá sọ pé, “Dádì, kọ́ìlì yìí ti kú. Àwọn mẹ́ta tó kù, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ dé sínú ọkọ̀ yìí, wọn ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká sì pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú.” Ó kọ nọ́ńbà plọ́ọ̀gì sórí bébà fún wa, NGK ni, 6 ló wà láàárín nọ́ńbà náà. Ó ní ká rí i pé òun gan-an la rà.

A béèrè iye owó. Ó sọ ọ́. A dákẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ṣe rí lásìkò yìí. A sọ fún un pé kọ́ìlì kan ló kú, kọ́ìlì kan la máa rà. Ti plọ́ọ̀gì, a ní kó fi sílẹ̀ fún wa, a máa fúnra wa wá a. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a gbé fóònù, a bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. A kà á pé ọkọ̀ oníkompressor ń fẹ́ plọ́ọ̀gì tó “tutù”. Òótọ́ ni, bí èèyàn bá ti pọ̀ sí afẹ́fẹ́ tó ń kì ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ. A tún kà á pé bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni plọ́ọ̀gì ṣe tutù tó. Òótọ́ nìyẹn náà, fún NGK. Inú wa dùn. A ní, ọmọ yìí kọ 6 fún wa, àwa máa ra 8, ọkọ̀ á gbádùn.

Nígbà tí a dé ọjà, Bosch ló wà lórí àtẹ. A ò mú bébà ọmọ náà lọ. A ní kí ọ̀gá tó ń tà á fún wa ní èyí tí 8 bá wà lára rẹ̀, bó bá ṣáà ti wọ C230. Ó bi wá pé, “C230 wo?” A dá a lóhùn pé ṣé C230 pé méjì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó tà á fún wa. A ò lè dá a lẹ́bi, ohun tí a béèrè ló fún wa.

Ẹ̀yin tó ní irú ọkọ̀ yìí, ẹ dúró síbí díẹ̀. C230 kì í ṣe méjì lóòótọ́, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ! Èyí tó wọ Amẹ́ríkà ní 2002, ẹ́ńjìnnì 2.3 oníkompressor ni. Láti 2003 sí 2005, ó di 1.8 oníkompressor. Nígbà tó di 2006, wọ́n tún fi orúkọ kan náà sí ẹ́ńjìnnì 2.5 onísílíńdà mẹ́fà tí kò ní kompressor rárá. Lọ́dọ̀ àwọn ará Yúróòpù ẹ̀wẹ̀, C180 Kompressor àti C200 Kompressor ìgbà náà, 1.8 kan náà ni gbogbo wọn. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn bùútù kò sọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ṣàsí ni kí ẹ gbé lọ sọ́jà, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà plọ́ọ̀gì wá ńkọ́? Bosch ń kà á lódìkejì ni. Ti NGK àti Denso, bó bá ṣe ń ga sí i ló ń tutù sí i. Ti Bosch àti Champion, bó bá ṣe ń ga sí i ló ń gbóná sí i. Àwa tí a rò pé a ń ra èyí tó tutù, èyí tó gbóná ju ti ọmọ náà lọ la gbé délé. Gbígbóná àti títutù yìí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iná tó ń ṣá o. Tańganran funfun tó wà nímú plọ́ọ̀gì ni. Èyí tí imú rẹ̀ gùn máa ń gba ooru pamọ́. Èyí tí imú rẹ̀ kúrú máa ń tètè gbé ooru lọ sára irin ẹ́ńjìnnì. Bí imú náà kò bá gbóná tó nǹkan bí 450 °C, èéfín á máa lẹ̀ mọ́ ọn, á dúdú. Bó bá kọjá nǹkan bí 850 °C, á pọ́n bí ẹyin iná, á sì máa ran bẹntiróòlù kí àkókò ìṣáná tó tó. Nínú ọkọ̀ tí kò ní kompressor, ẹ lè rí ọjọ́ díẹ̀ lò. Nínú ọkọ̀ oníkompressor, písítìnì lè yọ́.

Nígbà tí ọmọ wa rí ohun tí a rà, ó wò ó títí. Ó ní, “Dádì, kì í ṣe èyí tí mo kọ o.” A ní, “Fi í sí i bẹ́ẹ̀. A ti kà nípa rẹ̀.” Ó ní, “Àlàfo ẹnu rẹ̀ náà fẹ̀.” A ní kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó ń pe èèyàn ní Dádì, ta ló fẹ́ kó bá Dádì jiyàn? Ó fi í sí i.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ ń lọ geere nínú Òṣogbo. A tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọmọ náà pé ṣé ó ti rí i. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé nínú ìgboro, tí èèyàn rọra ń tẹ iná, ọ̀nà kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà yí padà, Kompressor kì í kì nǹkan kan nígbà náà. Ọjọ́ tí ẹ bá béèrè agbára ló ń kì í. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń tẹ̀ wá ní nǹkan bí 14.7 psi. Bí ẹwìrì bá fi 7 kún un, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po kan àbọ̀. Iná plọ́ọ̀gì ní láti fo la àárín gbogbo rẹ̀ kọjá, bí ẹni tó fẹ́ la èrò kọjá lọ́jà ọjọ́ àìsùn ọdún. Bí àlàfo bá fẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì ki, kọ́ìlì á fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í. Bí kọ́ìlì bá ti gbó, iná náà á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, á gba ara rọ́bà rẹ̀ tó ti sán jáde sára irin. Bẹntiróòlù kò ní jó nìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan la ń lọ sí Adó-Èkìtì fún ìsìnkú àna wa kan. Mọ́mì yín wà níwájú, àwọn ọmọ méjèèjì àti ìyá Mọ́mì wà lẹ́yìn. A gba Iléṣà, a yà ní Ìtawúrẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Tírélà símẹ́ńtì kan wà níwájú wa tó ń rá pálá. A tẹ̀ lé e fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ojú ọ̀nà mọ́, a yọ jáde, a tẹ iná mọ́lẹ̀.

Ó fà. A ti dé ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn tírélà náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀: gìdì, gìdì, gìdì. Iná check engine kò tàn lásán, ó ń ṣẹ́jú. Agbára lọ. A tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ fi kan ilẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ọkọ̀ akérò kan yọ lókè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ó ń tan iná sí wa. A ò lè lọ síwájú. A fẹ́ padà sẹ́yìn tírélà, mọ́tò míì ti dí àyè wa. Ìyá Mọ́mì ń ké Jésù. Àwọn ọmọ ò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló burú jù létí wa. Ọlọ́run ló mọ ohun tí dẹ́rẹ́bà tírélà yẹn rí nínú díńgí rẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ó yà díẹ̀ sí koríko, ó nawọ́ síta pé ká wọlé síwájú òun. A rá wọlé. Ọkọ̀ akérò náà kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ mi ọkọ̀ wa. A ò mọ orúkọ dẹ́rẹ́bà yẹn títí di òní. Ibi yòówù kó wà, kó má rí ogun ọ̀nà.

A dé Adó ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lórí iná.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, a rí ọmọ wa ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ yín wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí a sọ. A ní, “Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ pa ìdílé wa ni? Irú iṣẹ́ wo lo ṣe sí ọkọ̀ yẹn?” A pariwo. Àwọn akọrin dúró, àwọn aṣojú-ọ̀nà dúró. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn rẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Dádì.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè sọ ọ́. Bébà tó kọ wà lórí fóònù rẹ̀, ó ti ya fọ́tò rẹ̀. Kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wá tú u. Kò pe àwa, Mọ́mì yín ló pè. Nígbà tó ṣe, Mọ́mì wọlé wá bá wa, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín.” Ó ti to plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé ìròyìn. Imú wọn funfun bí ẹfun, ọ̀kan tiẹ̀ ti ní kókó kéékèèké lára, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti gbóná kọjá ààlà. Ó fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo sí i lẹ́nu: 1.1 mm, ó ju ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ lọ. Kọ́ìlì méjì nínú mẹ́ta tó ti gbó ní ilà dúdú tín-ín-rín lára rọ́bà wọn, bí ọ̀nà ikán lára ògiri. Ọ̀nà tí iná ń gbà sá jáde nìyẹn. Písítìnì kò tíì yọ́. Ó fi kámẹ́rà oníwáyà kékeré kan wò ó láti ojú ihò plọ́ọ̀gì, ó fi han Mọ́mì. Ó wá ní, “Mọ́mì, ẹ bá mi ṣàlàyé fún Dádì, torí pé…” Kò parí rẹ̀.

Ojú tì wá. Kò sí bí a ṣe lè fi ẹnu dídùn sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a ní kí àwọn akọrin àti àwọn aṣojú-ọ̀nà dúró níbi kan náà, a sì bẹ ọmọ náà. A sọ pé àwa la ra plọ́ọ̀gì, àwa la ní kó fi í sí i, àwa la sì ti ojú bọ̀ ọ́. Àgbà kan fà wá sẹ́yìn lẹ́yìn náà pé kò yẹ kí pásítọ̀ bẹ ọmọdé ní gbangba, pé a bá pè é sínú ọ́fíìsì. A bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n a ò gbà. Inú ọ́fíìsì kọ́ la ti bú u. Ojú ti ọmọ náà gan-an ju àwa lọ, ńṣe ló ń wo bàtà rẹ̀.

Ohun tí a wá ṣe sí ọkọ̀ nìyí, torí a mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú kan náà, ojúlówó, tí a fi nọ́ńbà ṣàsí rà. Ti àlòkù tó wọlé láti Bẹ́líjíọ̀mù wà tí owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ọmọ wa ní kọ́ìlì àlòkù dà bí gílóòbù àlòkù, ẹ ò mọ iye ọjọ́ tó kù fún un. Àwọn kan ń ta pupa kan tí wọ́n ní ó ń fi agbára kún ọkọ̀. Ẹ fi owó yín sápò. Kọ́ìlì ń sọ fóltì 12 bátìrì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó lè lé ní 30,000, ṣùgbọ́n ibi tí iná bá ti fo àlàfo plọ́ọ̀gì ni gígun rẹ̀ ń dúró sí. Bó bá ti fò ó, ó ti fò ó. Nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kọ́ìlì pupa kì í ṣe ẹṣin.

Plọ́ọ̀gì, èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀ gan-an. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ púlì Kompressor kó lè máa yára kì afẹ́fẹ́ sí i, òun ló ní ìdí láti sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tó tutù ní ìpele kan, kó sì fún àlàfo pọ̀ sí 0.7 tàbí 0.8 mm. Àwa ò pààrọ̀ púlì kankan, kí la ń wá? Bó bá jẹ́ iridium, ẹ má ki irin bọ ẹnu rẹ̀ láti fi ṣí i, abẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ máa ń ṣẹ́. Kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó tú u. Ọwọ́ ni ẹ máa fi kọ́kọ́ yí i wọlé, kì í ṣe sípánà, torí alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì náà, òwú rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ.

Ọ̀kan tó kù: bí iná check engine bá ń ṣẹ́jú, tí kò tàn lójú kan, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójú ẹsẹ̀. Bẹntiróòlù tí kò jó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sínú sàlẹ́ńsà, á sì jó kátálíìsì run. Àwa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i ni lórí òkè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a tún gba Ìtawúrẹ́. Ọmọ wa jókòó níwájú, síkáànù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí òkè náà, a fẹ́ rọra lọ, ó ní, “Dádì, ẹ tẹ̀ ẹ́.” A tẹ̀ ẹ́. A gun ún dé orí, nọ́ńbà kankan kò jáde lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó pa á, ó gbé e sínú báàgì, ó ní ebi ń pa òun.

Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kó wá bá wa ní inbox, a ò ní kọ ọ́ síta síbí. Ó ní ká sọ fún yín pé bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ìwé ọkọ̀ yín dání, kí ẹ má sì kọ́kọ́ lọ ra nǹkan kan.